Ẹyọ Irun Kan fún Ìṣirò Kan

Irun Nalini gùn débi pé àwọn ará Barrackpore máa ń sọ pé bí ọmọ náà bá ń lọ sílé-ìwé, orí rẹ̀ á ti jókòó sí kíláàsì, ìdí irun á ṣì wà nílé tó ń mu tíì. Taramatie, ìyá rẹ̀, ló máa ń dì í. Láràárọ̀, kí àkùkọ tó rántí pé òun ní ẹnu, Taramatie á ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, á há ọmọ náà sáàárín orúnkún méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dúḿbú ewúrẹ́, á da òróró àgbọn sí i lórí, á máa fi kóòmù yà á, á sì máa bi í ní ìbéèrè.

"Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọgọ́rin?"

"Ọgọ́ta, Màmá."

"Olú ìlú Guyana?"

"Georgetown, Màmá."

"Ta ló ní kí o mi orí? Mẹ́tàlá lọ́nà mẹ́tàlá?"

Nalini ń wá a nínú orí. Ó rí ọgọ́rùn-ún, ó rí ọgọ́ta, èyí tó kù ń sá fún un. Àfi bí kóòmù ṣe dúró gbagidi. Ọmọ náà rò pé torí òun pẹ́ ni. Ó sáré pariwo: "Ọ̀kàndínláàádọ́sàn-án, Màmá!" Kóòmù ò gbéra.

Lẹ́yìn etí òsì ọmọ náà, ibì kan wà tó fẹ̀ tó ẹnu ife tíì, tó ń dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi eérú fọ̀. Kò sí ẹyọ irun kan níbẹ̀. Bí eṣinṣin bá bà lé e, yíyọ̀ ló máa yọ̀ ṣubú, kó sì fi ẹsẹ̀ kan dá.

"Yéè! Wọ́n ti pa mí!" ni Taramatie ké. Kò ní wọ́n pa ọmọ òun o. Òun gan-an ni wọ́n pa.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé kí ìdánwò àwọlé wáyé. Gbogbo ọmọ ọdún mọ́kànlá ní Trinidad ló máa ń ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Ìwé ìròyìn ló sì máa ń gbé èsì jáde: orúkọ ọmọ, orúkọ ilé-ìwé tó wọ̀, níta gbangba, kí ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ kà á papọ̀. Ilé-ìwé àwọn Sísítà tó wà ní San Fernando ni Taramatie fẹ́. Kò sẹ́ni tó ti wọ ibẹ̀ rí nínú gbogbo agboolé wọn, láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wọn ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó fẹ́ ẹ débi pé bó bá sùn, àwọ̀ aṣọ ilé-ìwé náà ló máa ń rí lójú àlá, ọmọ tó wọ aṣọ náà kì í ní ojú.

Nalini kì í ṣe òmùgọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ò ju Sà Mungal lọ. Gàráàjì Sà Mungal ni wọ́n ti ń gba ẹ̀kọ́ àfikún: aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ kí ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́ta sí méje lẹ́yìn tó bá parí, Sátidé títí ilẹ̀ á fi ṣú, Sọ́ńdè títí oòrùn á fi bẹ̀bẹ̀. Pàṣán Sà ní orúkọ. Dókítà ni wọ́n ń pè é. Awọ màlúù ni, ó gùn tó ọ̀nà tó lọ sí Penal, ó sì lè yà ní kọ̀rọ̀ láti wá ọmọ rí. Òfin ẹ̀ ò le: ọgọ́rùn-ún ni máàkì, iye tó bá dín ni iye ẹgba. O gba mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, mẹ́fà ni tìrẹ. Kò sí ẹ̀bẹ̀. Àwọn òbí gan-an ló máa ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á gbé adìyẹ dání.

Láti oṣù kìíní ni inú ti ń run Nalini láràárọ̀. Taramatie ní kòkòrò ni. Ó se ewé séńnà fún un, ọmọ náà yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́ sí i ní ṣálángá kí àkókò má bàa ṣòfò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn bí ọmọ ọdún méjì. Taramatie ní kòkòrò ni, kò jẹ́ kó mu omi mọ́ bí aago mẹ́rin bá ti lù. Ó ń payín keke lójú oorun, gbogbo eku àjà kó ẹrù wọn lọ. Kòkòrò náà ni. Bí wọ́n bá kó gbogbo kòkòrò tí Taramatie ní ó wà nínú ọmọ yẹn jọ, wọ́n á pọ̀ tó láti fi dẹ gbogbo ẹja òkun títí dé Venezuela.

Ṣùgbọ́n irun ò ní kòkòrò nínú. Nalini mọ ohun tó ṣe irun.

Ní gàráàjì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò kan wà nípa ọkọ̀ ojú irin méjì tó ń sáré pàdé ara wọn, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ọkọ̀ ojú irin kankan mọ́ ní Trinidad. Dókítà ń bọ̀ láti ìlà ẹ̀yìn, tá, tá, tá. Ọwọ́ Nalini gòkè fúnra rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn etí, ó mú ẹyọ irun kan, ó fà á tu. Ó dùn ún. Ìrora kékeré ni, ó mú, ó sì mọ́, ẹnì kankan ò sì nà án sí i lára. Tirẹ̀ ni. Àyà rẹ̀ rọlẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì pàdé, ó kọ ìdáhùn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹyọ irun kan fún ìṣirò kan. Bó bá délé, á ká wọn jọ róbótó bí ẹyin aláǹgbá, á sọ wọ́n gba ojú fèrèsé, kí ìyá rẹ̀ má bàa rí wọn nílẹ̀.

Lábẹ́ fèrèsé náà, gọ́tà ni. Ní òdìkejì gọ́tà, ilé ìdáná Áńtí Roshnie ni.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Áńtí Roshnie. Inú ọgbà kan ni gbogbo wọn ń gbé, ilé méjì. Roshnie àti ọkọ rẹ̀ wà nílé iwájú pẹ̀lú Reshma ọmọ wọn àti Aaji, ìyá tó bí bàbá àwọn ọmọ méjèèjì. Deo, bàbá Nalini tó ń wa ọkọ̀ ìrèké, àti Taramatie wà nílé ẹ̀yìn. Kíláàsì kan náà ni Reshma àti Nalini wà, gàráàjì kan náà, Dókítà kan náà. Nírọ̀lẹ́, bí Áńtí Roshnie bá ń yan róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, ó máa ń ká ọ̀kan tó gbóná mọ́ elégédé, á na ọwọ́ kọjá gọ́tà, á fi í sọ́wọ́ Nalini lójú fèrèsé. "Jẹ ẹ́ kíá, kí ìyá ẹ má bàa ní mo fi oúnjẹ dí ọ lọ́wọ́ ìwé." Nínú gbogbo ọjọ́, ìyẹn nìkan ni ohun tó máa ń wọ ikùn ọmọ náà tí kì í fẹ́ padà jáde.

Lọ́jọ́ tí kóòmù dúró, Taramatie wọ́ ọmọ rẹ̀ lọ sílé iwájú bí ẹni wọ́ àpò sìmẹ́ńtì.

"Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ojú ṣe fún ọmọ mi, Màmá! Maljo! Ojú burúkú!"

Aaji jókòó sórí àpótí. Ó ti dàgbà débi pé ó lè rántí ìgbà tí òkun ṣì jẹ́ adágún. Òun ni gbogbo àdúgbò ń gbé ọmọ wá bá bí ojú bá wọ̀ wọ́n lára, á fi ìgbálẹ̀ imọ̀ àgbọn gbọ̀n ọ́n kúrò.

"Ta ni 'wọ́n'?" ni Aaji bèèrè.

Taramatie na ẹnu sí ibi àdògán, níbi tí Roshnie ti ń yí róòtì. "Ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni ni? Ẹni tó ní 'irun ọmọ yìí mà gùn o' ní Sọ́ńdè, tí kò fọwọ́ kan ọmọ, tí kò gbàdúrà lé e, ó kúkú mọ ara ẹ̀."

"Taramatie, ṣé èmi lò ń na ẹnu sí?" ni Roshnie wí láìbojú wẹ̀yìn. "Rọra o. Ẹnu yẹn gùn. Ó lè gún mi lójú, kí wọ́n tún ní ojú mi ló burú."

"Ẹ dákẹ́," ni Aaji wí. "Ata ló máa sọ."

Ó mú ata pupa márùn-ún, iyọ̀ àti èèpo àlùbọ́sà, ó fi wọ́n yí orí Nalini ká lẹ́ẹ̀méje, ó dà wọ́n sínú iná èédú. Kò sẹ́ni tí kò mọ bó ṣe ń lọ níbẹ̀: bí ata bá jóná tí kò ta ẹnikẹ́ni, a jẹ́ pé ojú burúkú ti gbé agbára rẹ̀ mì. Bó bá sì ta wọ́n, ojú mọ́, kí wọ́n lọ wá ibòmíràn wò.

Ó ta wọ́n! Roshnie wúkọ́ títí ó fi sá jáde. Reshma sín lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún. Ajá ilé fò ṣánlẹ̀. Wọ́n ní ọlọ́pàá tó wà ní ibodè San Fernando bọ́ fìlà, ó ń nu ojú, ó rò pé ìjọba ti ń da gáàsì sí àwọn olùyanṣẹ́lódì.

"Kò sí ojú kankan lára ọmọ yìí," ni Aaji wí, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó fa ọwọ́ Nalini mọ́ra, ó yẹ ìka rẹ̀ wò. "Wo èékánná rẹ̀. Ó ti jẹ ẹ́ dé ẹran. Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ yìí, Taramatie. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, kò rí oorun sùn. Fún un ní ìsinmi ọjọ́ méjì péré."

Ọjọ́ méjì! Ọkàn Nalini fò bí ọ̀pọ̀lọ́ tó rí òjò.

"Ọjọ́ méjì, tí ọmọ ẹlòmíì á fi máa kàwé lọ?" Taramatie ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ ń hàn bí ayùn. "Màmá, a mọ̀ pé ilé iwájú lẹ ti ń jẹun. Ata yín ti pọ̀ jù ni! Ata márùn-ún, ta ni kò ní ta?"

Ó padà sílé tirẹ̀. Ó wá ata gbígbẹ kan jáde lẹ́yìn àgbá ìrẹsì, ata tí eku ti tọ́ wò tó sì kọ̀ sílẹ̀, ó jù ú síná. Ata náà kú láìsọ̀rọ̀. Kò rùn, kò ta.

"Ẹ rí i? Ẹ rí i! Maljo ni! Deo, ṣé o rí i?"

"Hm," ni Deo wí. Láti ìgbà tó ti gbé Taramatie níyàwó, 'hm' nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù, ìyàwó ti bá a sọ wọ́n tán.

Ní àṣálẹ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí àwọn ọmọ ṣe ti gàráàjì dé, omi gọ́tà ò lọ mọ́. Taramatie mú igi, ó ń ro ó. Ohun tí igi kọ́kọ́ gbé jáde, irun ni, róbótó. Ó tún ro ó: irun. Ó kó o jọ sórí páànù kan, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, gbogbo wọn ní abẹ́ ilé ìdáná Roshnie. Igbe tí obìnrin náà ké lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wà ní Venezuela ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní ta ló ń pè wọ́n.

Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, gbogbo àdúgbò ti fi ọgbà há abíyá.

"Ẹ wá wò ó! Irun ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ẹ̀! Ó ń ṣe ọmọ mi kí ọpọlọ ẹ̀ lè wá sórí ọmọ tiẹ̀!"

Roshnie jáde, ìyẹ̀fun bò ó lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá. "Kí ni mo fẹ́ fi irun ọmọ ẹ ṣe, obìnrin yìí? Ṣé kí n sè é lọ́bẹ̀ ni?"

"Èèyàn tó bá lè jẹ ọpọlọ, ṣé irun ló máa kọ̀?"

"Bó bá jẹ́ ọpọlọ ni mò ń wá, ṣé ilé ẹ ni mo máa wá a wá?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà kígbe "Háà!", ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Taramatie ti ń tú aṣọ orí rẹ̀ kó tó di pé Reshma já wọ àárín wọn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Reshma. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló máa ń ṣe. Bí o bá ní kó dúró, wàá jẹun tán, wàá sùn, wàá jí, wàá bá a níbẹ̀.

"Áńtí, Nalini ló ń fà á fúnra ẹ̀," ló wí. "Ní gàráàjì Sà. Ẹyọ kan fún ìṣirò kan. Mo máa ń bá a kà á. Lọ́jọ́rú, ó fa ogójì."

Taramatie fọ́ ọ létí. Ó ró bí ìgbà tí àgbọn já bọ́ sórí páànù. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ tirẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀yìn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Nalini. Wá síbí. Ṣé ìwọ lo fà á?"

Nalini wo ojú ìyá rẹ̀, ìdáhùn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́líìtì wà fún irun, bẹ́líìtì wà fún ìtìjú níwájú àdúgbò, Dókítà á sì gba tirẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó wo Áńtí Roshnie. Áńtí Roshnie mi orí sí i díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí róòtì gbígbóná.

"Sọ òótọ́, ọmọ mi. Má bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó máa nà ọ́ níṣojú mi."

"Áńtí Roshnie ni," ni Nalini wí. "Bí wọ́n bá fún mi ní róòtì lójú fèrèsé, wọ́n máa ń fi ọwọ́ kejì fa irun mi."

Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́, bí ìdáhùn ìṣirò tó ti mọ̀ látàná. Kò tilẹ̀ fa irun kankan kó tó rí i.

Roshnie ò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó kún fún ìyẹ̀fun, iwájú àti ẹ̀yìn, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ ẹni tó ni í. Ó fa Reshma lọ́wọ́, wọ́n wọlé.

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, Taramatie ti fi páànù odi pín ọgbà sí méjì, ó ga tó ọ̀pẹ. Róòtì parí. Ọ̀rọ̀ náà ò parí ní tiẹ̀, ó ń rin abúlé kiri lórí ẹsẹ̀ ẹgbẹ̀rún. Àwọn abiyamọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú kan ọmọ wọn níwájú orí bí Roshnie bá ń kọjá. Ní tẹ́ḿpìlì, ibi tó bá jókòó sí, ẹní márùn-ún á ṣófo yí i ká. Nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kó jókòó sílé, àwọn á gbé oúnjẹ wá.

Nalini ń rí gbogbo rẹ̀.

Taramatie náà wá oògùn. Ó mú abẹ ìfárí Deo, ó fá orí ọmọ náà kodoro, ó ní kí oògùn lè wọlé dáadáa. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lọ́wọ́ méjèèjì bó bá fẹ́ sùn, ó fi okùn so ó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, ó ní torí ẹ̀fọn. Ní Mọ́ńdè, Sà Mungal yí orí náà ká, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ẹ wò ó, ìjọba ò fún wa ní gílóòbù ayé, Ọlọ́run fún wa! Reshma, dìde. Fi Canada hàn mí." Ó fi ṣọ́ọ̀kì sí Reshma lọ́wọ́. Reshma, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ àgbà, sàmì sí orí Nalini. "Brazil ńkọ́?" Ó tún sàmì. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí Sà fi ní kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín wá gba mẹ́rin. Pẹ̀lú ayé lórí ni Nalini ṣe ìṣirò ọjọ́ náà tán, ó gba méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, ó sì gba ẹgba méjì tó kù.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ìka kan yọ láàárín páànù méjì.

"Ọmọ mi," ni Aaji sọ jẹ́jẹ́ láti òdìkejì. "Ìwọ lo fà á, àbí? Mi ò ní nà ọ́."

Nalini di ìka náà mú. "Èmi ni, Aaji."

"Kí ló dé?"

"Bí mo bá fà á, inú mi á rọlẹ̀."

Aaji sún mọ́ páànù. "Sọ fún ìyá rẹ. Wọn ò jẹ́ kí Roshnie gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ ní gbogbo abúlé yìí. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lára."

"Tí mo bá wọlé sọ́dọ̀ àwọn Sísítà, màá sọ. Tí mo bá wọlé, wọn ò ní nà mí. Màá sọ níwájú gbogbo èèyàn."

"Tí o ò bá wọlé ńkọ́?"

Nalini fi ìka náà sílẹ̀. Aaji ò dúró de ìdánwò. Lọ́jọ́ kejì ó dúró lójú títì, ó pariwo òótọ́ náà títí ohùn rẹ̀ fi há. Taramatie ní kí wọ́n fún ìyá arúgbó lómi mu, ọjọ́ ogbó ti dé, ó sì tún jẹun Roshnie yó.

Báyìí ni ìdánwò fi di nǹkan mìíràn lọ́kàn Nalini. Aṣọ àwọn Sísítà ò sí lójú rẹ̀ mọ́. Bó bá wọlé, ó lè sọ ọ́. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á wó páànù, àwọn abiyamọ á nu èédú, ọwọ́ kan á tún na róòtì kọjá gọ́tà. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ìbéèrè kan. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló gbé e, odindi ilé méjì, bí èèrà tó ru erin.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn ìyá dúró sẹ́nu géètì bí àwọn tó ń retí òkú. Nínú gbọ̀ngàn, ọkọ̀ ojú irin tún dé. Ọwọ́ Nalini gòkè, ó wá orí ká, ó bá a bí àwo tí wọ́n lá. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó bá irun ojú pàdé. Nígbà tí wọ́n gba ìwé, irun ojú òsì ti tán pátápátá, tọ̀tún ku bí ẹsẹ̀ kòkòrò mẹ́ta. Taramatie wò ó lẹ́nu géètì, ó tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó fi tìróò ya òmíràn sí i lójú, ó ní: "Ìbéèrè mélòó ni o ò dáhùn?"

Oṣù kẹfà ni èsì jáde. Deo gbé ìwé ìròyìn wọlé, ó nà á sórí tábìlì, ó fi ìka tó dúdú fún èérún ìrèké tẹ orúkọ kan.

"Ó wọlé," ni Deo wí. Ọ̀rọ̀ méjì gbáko! Àwọn ẹyẹ dákẹ́ lórí igi.

Taramatie fò sókè, orí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ lu òrùlé já. Ó sá jáde, ó sá wọlé, ó na ìwé ìròyìn náà sí ojú ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọgbà ti kún. Wọ́n ń pín barfi, àdídùn oníwàrà, wọ́n ń pín omi dídùn pupa, ẹnì kan ti lọ wá ayàfọ́tò. Sà Mungal jókòó lórí àga tó dára jù, adìyẹ mẹ́ta lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Nalini dúró. Irun rẹ̀ ti hù bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wọ ilé ìdáná.

"Màmá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan níwájú àwọn èèyàn. Èmi ni mo fa irun mi. Áńtí Roshnie ò fọwọ́ kàn án rí."

Taramatie ń gé barfi. Ọ̀bẹ ò dúró.

"Mo mọ̀."

Nalini rò pé kò gbọ́. "Màmá, mo ní èmi ni mo..."

"Mo ní mo mọ̀. Láti ọjọ́ kejì tí a jà. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rí ọ tí ò ń tu ara ẹ bí adìyẹ ọdún. Kí lo rò pé ìbọ̀sẹ̀ wà fún? Ẹ̀fọn?" Ó gé òmíràn, onígun mẹ́rin, ó dọ́gba pérépéré. "Ṣé kí n wá sọ fáráyé pé ọmọ mi ń ya wèrè? Ta ló máa fẹ́ ọ? Ìyá Reshma ní èjìká, jẹ́ kó gbé e. Nu ojú ẹ, ayàfọ́tò ti dé. Sà sì ní ìwé kíláàsì tó kàn ti wà lọ́wọ́ òun. Mọ́ńdè lẹ bẹ̀rẹ̀."

Nalini ò nu ojú. Ó gba ẹ̀yìn ilé jáde, ó yí ojú títì po, ó ti géètì iwájú tí kò fọwọ́ kàn láti oṣù mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni ò bá jẹ́ kóun sọ ọ́ níta, òun á gbé e wá fún ẹni tó ni ín.

Roshnie jókòó sórí àpótí Aaji, ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó ti rù. Reshma dúró níwájú rẹ̀, ìwé ìròyìn lọ́wọ́.

"Kà á," ni Roshnie wí.

"Reshma. Ilé-ìwé ìjọba, Barrackpore," ni Reshma kà.

"Mi ò gbọ́. Tún un kà."

Ohùn ọmọ náà ti gbẹ. Bó ṣe ń tún un kà láti àárọ̀ nìyẹn.

"Áńtí," ni Nalini wí. Ó kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀. "Mo purọ́ mọ́ yín. Èmi ni. Reshma ò purọ́, òótọ́ ló sọ, ẹyọ kan fún ìṣirò kan. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pe àwọn èèyàn wá, màá sọ fún wọn."

Ọwọ́ Roshnie dúró nínú ìrẹsì. Ó wo orí tó dà bí búrọ́ọ̀ṣì yẹn. Ó wo irun ojú tí wọ́n fi tìróò yà. Lẹ́yìn páànù, àwọn èèyàn ń pariwo orúkọ ọmọ tó wọlé. Nalini ń retí pé kó gbá òun létí. Ó tilẹ̀ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún un.

"Ẹyọ mélòó?" ni Roshnie bèèrè.

"Áńtí?"

"Gbogbo ẹ̀. Ẹyọ mélòó lo fà kó o tó wọlé?"

"Mi ò mọ̀, Áńtí. Gbogbo ẹ̀."

Roshnie rọra yíjú sí ọmọ tirẹ̀. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohùn tó ń na róòtì tẹ́lẹ̀.

"O gbọ́? Gbogbo ẹ̀! Ọmọ yìí tu ara ẹ̀ bí ẹni tu ewúro, ó sì wọlé. Ìwọ, tí irun ẹ ń gbálẹ̀ fún mi, kí lo tu? O jókòó tì í, ò ń bá a kà á! O mọ iye irun orí ẹlòmíì, o ò mọ iye tó wà nínú ìwé ẹ! Ojú ni wọ́n ní mo ní, wọ́n lé mi láwùjọ bí adẹ́tẹ̀, mo ní kò burú, ọmọ mi á wọlé, á nu ojú mi nù. Ilé-ìwé ìjọba! Tu tìẹ náà, jàre! Ṣé o gbọ́ mi? Tu ú!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni Reshma wí.

"Áńtí, rárá," ni Nalini kígbe. "Áńtí, kì í ṣe òun ló jẹ́ kí n..."

Ṣùgbọ́n Roshnie ti tẹrí ba padà sínú ìrẹsì, ó ń ṣa òkúta, ó ń sunkún láìdún. Ọ̀rọ̀ ìbínú ni. Ta ni kì í sọ ọ́? Àgbà sọ ọ́, ó ti gbàgbé rẹ̀ kí òkúta tó kàn tó bọ́ sílẹ̀.

Reshma fi ìwé ìròyìn sábẹ́ abíyá. Ó gbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn etí, ó ń wo Nalini bó ṣe máa ń wò ó ní gàráàjì bó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ó mú ẹyọ kan, gígùn, dúdú. Ó fà á. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Oókan," ni Reshma wí.